Ṣé Kristẹni Ni Wọ́n?

Nígbà àìsùn wa tó kọjá, èmi ni wọ́n yàn láti darí àdúrà fún àwọn tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí. Kókó mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀, ìkẹta sì ni àwọn ẹ̀yà Hazara ní Afghanistan. N kò tíì sọ ọ́ tán tí arákùnrin kan, ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde yunifásítì, fi béèrè pé, "Ṣé Kristẹni ni wọ́n?" Mo ní rárá sà, Mùsùlùmí Ṣíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ní, "Àwọn tiwa tí wọ́n pa ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́?" Ojú tì mí. Mo fo kókó náà, a kọrin, a sì lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ló sọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ilé Ọlọ́run ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé rẹ̀ lè má rántí ẹkún àdúgbò kejì.

Ṣùgbọ́n nínú ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀dọ́ jókòó ní ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kaaj, ní Dasht-e-Barchi, àdúgbò àwọn Hazara ní ìwọ̀ oòrùn Kabul. Wọ́n ń fi ìdánwò dánra wò kí wọ́n lè wọ yunifásítì. Ọkùnrin kan gbé bọ́ǹbù wọlé. Ó lé ní àádọ́ta ènìyàn tó kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù. Èmi náà jókòó báyẹn rí nígbà tí mò ń múra JAMB, ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò sì ju ìṣirò lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni ìjọba Taliban ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ gbogbo obìnrin.

Ọ̀rọ̀ wọn ti pẹ́. Láyé ọba Abdur Rahman Khan, ní nǹkan bí ọdún 1891 sí 1893, wọ́n pa wọ́n nípakúpa, wọ́n gba ilẹ̀ wọn, wọ́n tà wọ́n lẹ́rú. Àwọn mìíràn sá lọ sí Quetta àti Iran. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, nígbà tí Taliban gba Mazar-i-Sharif, ojúlé sí ojúlé ni wọ́n ń wá wọn kiri. Ìrísí ojú wọn sábà máa ń yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ pa wọ́n kò nílò láti béèrè orúkọ.

Kí ni kí n wá bẹ Olúwa fún? Èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé kí ìyà yìí lé wọn wá sọ́dọ̀ Jésù. N kò ní purọ́, mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ Ọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo ro àdúrà yẹn dáadáa, ẹ̀rù bà mí: ó dà bíi kí apẹja fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Ábúráhámù bẹ̀bẹ̀ fún Sódómù, ìlú tí kò sin Ọlọ́run rẹ̀. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni. A kò kà á pé ẹ̀tẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án yòókù padà.

Nítorí náà mo ti tún kókó àdúrà mi kọ. Mo ní kí Olúwa jẹ́ kí ọmọ tó bá lọ kàwé ní Dasht-e-Barchi padà délé jẹun alẹ́, kí Ó sì di ọwọ́ ẹni tó ń di bọ́ǹbù mọ́ra. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìwé kan náà, lókè pátápátá.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tún kàn mí. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá tún béèrè, màá ní, "Rárá sà, wọn kì í ṣe Kristẹni. Ẹ jẹ́ ká dìde."