MÁ ṢE JẸ́ KÉKERÉ TÍ Ń GORÍ ẸNI

Bíbélì kíkà: Lúùkù 13:1-5

Àwọn Òyìnbó ní àkànlò èdè kan, pé ènìyàn fi ìwọ̀sí kún ìpalára. Wọn kì í lò ó fún ibi méjì tó kàn tẹ̀lé ara wọn. Èkejì gbọ́dọ̀ ní àbùkù nínú. Bí wọ́n bá já báàgì rẹ gbà ní Dùgbẹ̀, ìpalára nìyẹn. Bí àwọn tó ń wò ọ́ bá tún ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fi ìwọ̀sí kún un. Yorùbá ní tirẹ̀ dúró ti ẹni tó wà nílẹ̀: bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a tún máa gorí ẹni.

Èmi náà ti jẹ́ kékeré yẹn rí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn. Afárá já, ilé wó, ó ju 100 ènìyàn lọ tó kú. Pásítọ̀ tuntun ni mí nígbà náà. Ìyá kan nínú ìjọ wa ń ta aṣọ ní Àgbowó, omi sì kó gbogbo ọjà rẹ̀ lọ. Ó wá bá mi. Kí n tó fún un ní àga, mo ti bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ń san ìdámẹ́wàá yín pé?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹkún tó ń sun dúró. Mo rò pé mo tù ú nínú ni! Ó tó oṣù mẹ́ta kí a tó tún rí i ní ìjọ. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ Lúùkù 13 dáadáa o. Mo ti kà á ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Jésù dárúkọ àwọn ènìyàn 18 tí ilé-ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ó sì kọ̀ láti gbà pé wọ́n jẹ̀bi ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà, àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ láàyè ló kọjú rẹ̀ sí.

Ta ni nǹkan ṣe ní àdúgbò rẹ lọ́sẹ̀ yìí? Bí o bá ń lọ kí i lónìí, gbé gàrí díẹ̀ dání, kí o sì jókòó tì í. Fi ìbéèrè sílẹ̀ sílé.

Àdúrà: Baba, dárí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹni tó ṣubú jì mí. Fi orúkọ ẹni tí n ó bẹ̀ wò lónìí sí mi lọ́kàn, ní orúkọ Jésù. Àmín.