Ọrùn Ta Ni Ẹ̀jẹ̀ Náà Wà?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lójú ìwé yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde ní Èkó láti sọ pé àwọn kò fẹ́ SARS mọ́, ìyẹn ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè, ni a ti ń jiyàn lé e lórí, nínú ọkọ̀, nídìí oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn, àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé ní Bissonnet. Ìbéèrè náà nìyí: bí ìjọba bá rán ènìyàn tó gbé ìbọn lọ dúró níwájú èrò, tí ìbọn náà sì pa ọmọ ọlọ́mọ, ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ náà wà? Ṣé ọrùn ẹni tó yìnbọn ni, àbí ti ẹni tó pàṣẹ, àbí ti ẹni tó rán àwọn méjèèjì níṣẹ́ tó sì jókòó sílé tó ń jẹun?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ka àwọn kan lára. A ní àwọn tí ọmọ wọn jẹ́ ọlọ́pàá níhìn-ín, a ní àwọn tó ń ṣe wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, a ní àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru. A sì ní àwọn ìyá tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí ọmọkùnrin wọn bá wa mọ́tò jáde lálẹ́ gba Bellaire tàbí Wilcrest, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, ìyá kan náà ló bí ọmọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti apá ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀yìn ẹnì kan ni mo gbè sí. Rògbòdìyàn kì í ṣe eré. Àwọn àgbà tó wà nílé lásìkò “wẹ́tìẹ̀” ní 1965 sí 1966 mọ bí wọ́n ṣe ń da epo bẹntiróò sí ènìyàn lára, tí wọ́n ń ṣáná sí i. Ní 2020 náà, Ààrẹ Buhari sọ pé ará ìlú 51, ọlọ́pàá 11 àti ṣọ́jà 7 ni ó kú. Wọ́n jó ọkọ̀ BRT ní Oyíngbò, wọ́n jó kóòtù Igbósẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ ààfin Ọba Èkó lọ kó ẹrù. (Ẹ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ kejì ìbọn Lẹ́kí ni iná Oyíngbò àti ti Igbósẹ̀rẹ̀ ràn, ẹni tó bá sọ pé nítorí iná wọ̀nyí ni wọ́n ṣe rán ṣọ́jà jáde ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú.) Ìjọba tí kò bá lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró kò yẹ ní ẹni tí à ń san owó orí fún. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ọlọ́pàá fi ìbọn sílé títí láé.

Ṣùgbọ́n láti ọdún pípẹ́ ni àwọn aláṣẹ ti fẹ́ kí òfin ti fọ ọwọ́ wọn mọ́ kí wọ́n tó jáde. Òfin kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1715, sọ pé kí aláṣẹ ka ìkìlọ̀ sétí èrò. Bí wákàtí kan bá kọjá tí wọn kò tú ká, ẹni tó bá kú nígbà tí wọ́n ń tú wọn ká, ẹ̀bi kò sí fún ẹni tó tú wọn ká. Irú òfin yìí ni wọ́n gbé wá fún wa ní Nàìjíríà, ó sì wọ inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa. Ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ ní Havana lábẹ́ Ìparapọ̀ Àgbáyé, wọ́n sì sọ nǹkan mìíràn: pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn pa ènìyàn àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá láti gba ẹ̀mí là, pé “ọ̀gá ló rán mi” kò lè gba ẹni tó mọ̀ pé àṣẹ náà lòdì sófin tó sì ráyè kọ̀ ọ́, àti pé ọ̀gá tó mọ̀ tí kò dá wọn lẹ́kun yóò jíhìn pẹ̀lú. Ìwé ni. Ìwé kò sì lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí ìlú tí à ń gbé yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1967, àwọn ọlọ́pàá Houston dojú ìbọn kọ ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Texas Southern University, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wá kàwé lẹ́yìn náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta ni wọ́n yìn. Ọlọ́pàá kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, Louis Kuba, kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 488, wọ́n ba ẹrù wọn jẹ́ nínú yàrá, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan márùn-ún nínú wọn. Ní 1970 ni kóòtù da ẹjọ́ náà nù nítorí pé kò sí ẹ̀rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé láti inú ìbọn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọta náà ti wá, tó ta lára ògiri tó sì padà wá bá a.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ ọlọ́mọ márùn-ún fi ru ẹ̀sùn ikú. Ṣùgbọ́n kí ni ìdílé Kuba rí gbà? Wọn kò rí ìdájọ́, wọn kò sì rí òtítọ́, nítorí pé bí ìjọba bá wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, yóò ní láti bèèrè ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yìnbọn sínú ilé tí ọmọ ènìyàn ń sùn sí. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá ní kí ọlọ́pàá jíhìn ń kórìíra ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ni mo máa ń rántí.

Ní ti ẹni tó pàṣẹ, ọ̀rọ̀ tiwa ti pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ibi ìwakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, F. S. Philip, ní kí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́. Mọ́kànlélógún kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Fitzgerald dìde, ìgbìmọ̀ náà sì sọ pé àṣìṣe ni ọ̀gá náà ṣe. Àṣìṣe! Bí alágbàfọ̀ bá fi áyọ́ọ̀nù jó agbádá mi, àṣìṣe ni. Síbẹ̀ yóò san owó rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú kọ́ ni pé wọn kò pe ọkùnrin náà ní apànìyàn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ba ọkùnrin náà gan-an. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ náà parí síbi àṣìṣe, bí ẹni pé ẹ̀mí mọ́kànlélógún kò ní olówó.

Ibí yìí ni mo rò pé àríyànjiyàn wa ti máa ń ṣìnà. A máa ń rò pé ohun kan náà ni ẹ̀bi àti jíjíhìn. Ẹ ṣí ìwé Deuteronomi, orí kọkànlélógún, ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra yín. Wọ́n rí òkú ènìyàn nínú pápá, wọn kò mọ ẹni tó pa á. Kí ni òfin ní kí wọ́n ṣe? Kì í ṣe pé kí wọ́n sin ín kí ọ̀rọ̀ sì parí. Àwọn àgbà àti àwọn onídàájọ́ ni kí ó jáde wá, kí wọ́n wọn ilẹ̀ láti ibi tí òkú wà dé àwọn ìlú tó yí i ká. Ìlú tó bá súnmọ́ ọn jù lọ, àwọn àgbà rẹ̀ ni yóò mú ẹgbọrọ màlúù wá, tí wọn yóò fọ ọwọ́ wọn lórí rẹ̀, tí wọn yóò sì fi ẹnu ara wọn sọ pé kì í ṣe àwọn. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan àwọn àgbà yìí o. Síbẹ̀ àwọn ni yóò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ síbi òkú. Oyè wọn ló gbé wọn débẹ̀.

Pílátù náà fọ ọwọ́, àwa náà ń kà á ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ìjìyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà Ísírẹ́lì wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó fọ ọwọ́. Pílátù fọ ọwọ́ kí ó má baà wọn ilẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wo Lẹ́kí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020, gómìnà kéde kónílé-ó-gbélé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ṣọ́jà dé ẹnu ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ìbọn sì dún. Àwọn ológun kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ìjọba Èkó ló pe àwọn. Wọ́n ní ọta òfìfo ni. Nígbà tí ọ̀gá wọn kan dé iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, ó gbà pé ọta gidi wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ náà, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jẹ́ alága fún, gbé ìwé àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2021, ó ní ènìyàn kú níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Èkó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, ó ní òun kò gba ìyẹn wọlé. Ní oṣù keje 2024, kóòtù ECOWAS sọ pé Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́ta tó pe ẹjọ́ lójú níbẹ̀, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹ̀rí tó níwájú rẹ̀ fi hàn pé wọ́n gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nínú gbogbo iye òkú tí à ń jà lé lórí, ọ̀kan wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kò jà. Ní oṣù keje 2023, ìwé kan jáde síta pé ìjọba Èkó fọwọ́ sí náírà 61,285,000 láti fi sin òkú 103 pọ̀. Èsì wọn ni pé kò sí ẹni Lẹ́kí nínú wọn. Pé Fágbà, Kétu, Ìkòròdú, Òjótà, Abúlé-Ẹ̀gbá àti ibòmíràn ni wọ́n ti kó wọn. Àwọn kan rò pé èsì yẹn parí ọ̀rọ̀. Fún èmi, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ará Fágbà kò ní ìyá ni? Ta ló wọn ilẹ̀ láti òkú kọ̀ọ̀kan dé àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ọn? Lẹ́kí ní kámẹ́rà, ó ní àwọn gbajúmọ̀, gbogbo ayé sì ń wò ó. A ti ń jà lórí Lẹ́kí débi pé a gbàgbé àwọn tó kú sí àdúgbò tálákà, ìyẹn sì dùn mọ́ ìjọba.

Bàbá kan nínú ìjọ wa tí mo bọ̀wọ̀ fún bi mí pé: “Bí ẹ bá ń ju ọlọ́pàá sẹ́wọ̀n, ta ni yóò dúró de àwọn jàǹdùkú fún yín?” Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ní 2021, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlélógún àti ààbọ̀ fún Derek Chauvin, ọlọ́pàá tó pa George Floyd, ọmọ Third Ward tí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì níhà ìlú wa níhìn-ín. Ọlọ́pàá ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni ìdájọ́ tí ó dà bí ẹ̀fẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1977, àwọn ọlọ́pàá Houston mú Joe Campos Torres, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ṣe ṣọ́jà rí. Wọ́n lù ú. Àwọn ará ọgbà ẹ̀wọ̀n ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsípítù. Wọ́n gbé e padà sí etí Buffalo Bayou, ó sì kú sínú omi. Ọjọ́ Àwọn Ìyá ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Kóòtù Texas dá méjì nínú wọn lẹ́bi, kò rán wọn lẹ́wọ̀n. Ó ní kí wọ́n san dọ́là kan owó ìtanràn. Dọ́là kan. Nígbà tí ọdún yí po, ní 1978, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Moody Park láàárín ọlọ́pàá àti àwọn èrò, wọ́n jó mọ́tò, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rán mẹ́ta lẹ́wọ̀n ráńpẹ́ lẹ́yìn náà. Ọdún 2021 ni ọ̀gá ọlọ́pàá Houston tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé náà.

Nínú àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan wà tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Òun ló lọ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì tún sọ ọ́ ní kóòtù. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra láti wọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, ẹ jókòó tì í kí ó tó lọ, ẹ sọ ìtàn ọlọ́pàá titun yìí fún un, kí ẹ sì bi í pé, bí ó bá jẹ́ pé òun ló wà létí odò lálẹ́ ọjọ́ náà, tí àwọn tó gbà á síṣẹ́ tó sì ń kọ́ ọ níṣẹ́ ń wò ó lójú, kí ni yóò sọ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́?