Ìwòsàn Tó Pẹ́ àti Ìwà Ẹni Tó Ń Dúró Dè É

Nínú eré fantasy, ènìyàn a máa yan àwọn eléré ìdárayá gidi sínú ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí ìwé tàbí orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà, ohun tí wọ́n bá sì ṣe lórí pápá ni yóò di àmì-ayò fún ẹni tó yàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà mọ irú rẹ̀ nínú Fantasy Premier League. Ní Amẹ́ríkà, ti béèsìbọ́ọ̀lù gbilẹ̀ láti ọdún 1980, nígbà tí òǹkọ̀wé Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá líìgì kan sílẹ̀ ní New York, tí wọ́n sì fi orúkọ ilé oúnjẹ La Rotisserie Française pè é. Ìbéèrè kan kò yé bá eré náà rìn: bí eléré bá fara pa, tí ara rẹ̀ kò sì tètè yá, gbèsè wo ni ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ ta ayò jẹ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà kan ajubọ́ọ̀lù gan-an, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí yóò fi igi gbá a. Bó ti ń fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù, iṣan kan tó so egungun pọ̀ nínú ìgbọ̀nwọ́ ló ń ru ìnira náà, ó sì lè já. Tẹ́lẹ̀ rí, ajubọ́ọ̀lù tí iṣan yìí bá já fún kò nírètí púpọ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, dókítà Frank Jobe yọ iṣan kan lára ọwọ́ ọ̀tún Tommy John, ajubọ́ọ̀lù Los Angeles Dodgers, ó sì fi í rọ́pò èyí tó já ní ìgbọ̀nwọ́ òsì tó fi ń ju bọ́ọ̀lù. Gbogbo sáà 1975 kọjá, John kò jù. Ó padà ní 1976, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí di 1989. Nínú ìdíje 288 tó borí, 164 ló jẹ́ ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n iṣan tí a gbé wá láti ibòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa bọ́ ọ, kó tó le bí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù fi ń lo ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó padà sórí pápá.

Òǹkà ọjọ́ inú eré fantasy kò bá èyí mu. Sáà béèsìbọ́ọ̀lù kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ. Major League Baseball, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní àkọsílẹ̀ àwọn tó fara pa: ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ kò ní kúrò kí ọjọ́ 15 tó pé, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, ọjọ́ 60. Ọ̀pọ̀ líìgì fantasy náà ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú wọn. Bí àyè náà bá kún, atayò ní láti yan ọ̀kan: kó di ẹni tí kò jù mú, kí àmì-ayò máa sá fún un, tàbí kó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sún ọjọ́ ìpadà síwájú, ìṣirò náà di ọ̀tun.

Àwọn kan gbà pé kò tọ́ rárá láti sọ ènìyàn di nọ́ńbà báyìí. Wọ́n lè fi Immanuel Kant ṣe ẹlẹ́rìí, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì tó kọ́ni ní 1785 pé a kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀dá ènìyàn bí irinṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n Kant kò ka ìlò fúnra rẹ̀ léèwọ̀. Èrò inú ọkọ̀ ń lo awakọ̀, awakọ̀ náà sì ń lo èrò. Kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ níbẹ̀. Ohun tó kà léèwọ̀ ni kí ìlò jẹ́ gbogbo ohun tí a rí lára ẹni náà. Atayò tó yọ orúkọ aláìsàn kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dín owó iṣẹ́ rẹ̀ kù, kò sì fi kún ìrora rẹ̀. Òfin pàápàá gbà á láyè: ní 2007, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré fantasy lè lo orúkọ àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn eléré béèsìbọ́ọ̀lù láìgba àṣẹ. Òfin kì í sì í rí inú.

Inú ni ìṣòro àkọ́kọ́ wà. Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹlòmíràn yóò gba ipò rẹ̀, ẹni tó ti yan agbapò náà yóò sì jèrè. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, ka ìdùnnú sí ibi tó bá ẹlòmíràn mọ́ àwọn ohun tó burú látìbẹ̀rẹ̀, tí kò sí ìwọ̀n tó tọ́ fún wọn. Síbẹ̀, yíyọ̀ sí èrè yàtọ̀ sí yíyọ̀ sí ìpalára. Ẹni tí inú rẹ̀ ì bá dùn bákan náà ká ní agbapò náà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba ipò, èrè ló ń yọ̀ sí. Ẹni tó ń gbàdúrà kí ara aláìsàn má tètè yá kí èrè má baà tán ti kọjá ààlà.

Ìbínú ni ìkejì. Lance McCullers Jr., ajubọ́ọ̀lù Houston Astros, kò jù nínú líìgì ńlá láti World Series 2022, ìdíje àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, títí di oṣù Karùn-ún 2025, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún apá rẹ̀. Ìdíje kejì tó jù lẹ́yìn tó padà dé kò dára rárá, ni ìhàlẹ̀ ikú bá dé sórí àwọn ọmọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá Houston rí i pé òkè òkun ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ wà, pé ó ti mutí yó, ó sì ti pàdánù owó nínú tẹ́tẹ́ tó ta. Tẹ́tẹ́ kì í ṣe fantasy, àmọ́ èrò kan náà ló lè sún ènìyàn ṣìwà hù nínú méjèèjì: pé ẹni tí mo gbé nǹkan lé lórí jẹ mí. Kò jẹ ẹ́. Ẹni tó yan orúkọ kò bá olórúkọ ṣe àdéhùn kankan.

Ìkánjú ni ìkẹta: kí a fẹ́ kí ẹni tó fara pa padà kí ara rẹ̀ tó gbà á. Iṣan ìgbọ̀nwọ́ Stephen Strasburg ti Washington Nationals já ní 2010. Ní 2012, sáà àkọ́kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù tán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹgbẹ́ náà dá a dúró ní oṣù Kẹsàn-án kí apá rẹ̀ má baà bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń lé ife-ẹ̀yẹ. St. Louis Cardinals lé wọn jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá ìpinnu náà lẹ́bi. Ní 2019, Nationals gba ife-ẹ̀yẹ World Series, Strasburg ni wọ́n sì fi ṣe eléré tó tayọ jù lọ níbẹ̀. Ó wá dà bíi pé ìpinnu 2012 tọ́. Wọ́n fún un ní àdéhùn mílíọ̀nù 245 dọ́là, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ló tún jù kó tó fẹ̀yìn tì ní 2024. Ibi tí a bá dúró sí nínú ìtàn náà ni yóò sọ ẹni tó jàre. Àbájáde kò tó láti fi dá irú ẹjọ́ yìí. Ohun tí a mọ̀ lọ́jọ́ ìpinnu ni ká wò, àti ara ẹni tí yóò ru ìyà bí ìpinnu náà bá já sí òfo. Ara atayò kọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Àmọ́ ẹ̀yà sùúrù méjì ló wà nínú eré yìí. Àwọn líìgì kan gba atayò láyè láti mú eléré dání láti ọdún dé ọdún. Níbẹ̀, sùúrù pẹ̀lú ajubọ́ọ̀lù tó ń gbàtọ́jú lè mú èrè wá lọ́la. Kant sọ̀rọ̀ oníṣòwò kan tí kì í yan oníbàárà jẹ kí ọjà rẹ̀ má baà bàjẹ́: ohun tó ṣe dára, ṣùgbọ́n ìwà rere kọ́ ló sún un ṣe é. Sùúrù oníṣirò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí ìwòsàn bá kọ̀ tí kò dé mọ́ ni yóò fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín sùúrù oníṣirò àti sùúrù ọmọlúàbí hàn. Oníṣirò àti ọmọlúàbí ni yóò jọ yọ orúkọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn, nítorí eré gbà wọ́n láyè. Oníṣirò yóò máa sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bí ẹni tó jà á lólè. Ọmọlúàbí yóò fẹ́ kí ara rẹ̀ yá, bí kò tilẹ̀ ní ju bọ́ọ̀lù kankan mọ́.