Ta Ló Ni Sítíárìn Ọwọ́ Ọ̀tún?

Ní ọjọ́ 2 oṣù April 1972, gbogbo mọ́tò Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún làwọn tó bá wa pààlà ń gbà: Dàhómì tó di Benin, Niger àti Kamẹrúùnù. Títì yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Sítíárìn kò yí.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò ìgbà náà, Volkswagen ìjàpá, ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì kan ládùúgbò wa. Bàbá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n yọ sítíárìn lọ́tùn-ún, kí wọ́n gbé e sósì, kóun máa gbé e lọ òde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní rárá: "Bùọ̀dá, ibi tọ́wọ́ Bàbá ti dán mọ́tò yìí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kí ló kù?"

Wọ́n ní kí n dá sí i. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, ṣùgbọ́n yíyọ sítíárìn lásán kò le. Ẹ ó tú okùn bátìrì, ẹ ó ṣí bọ́tìnnì fèrè, ẹ ó na táyà iwájú gbọọrọ, ẹ ó dẹ nọ́ọ̀tì àárín láìtú u tán, kí sítíárìn má baà já kó gbá yín lójú. Gbígbé e sí òdìkejì ni wàhálà. Bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì á bá a lọ. Dáṣíbọ́ọ̀dù ìjàpá sì rèé, ara bọ́dì ni. Ṣe ni wọ́n máa gé e. Èyí tí wọ́n bá ti gé, ó ti lọ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn àbúrò. Àfìgbà tí mo bá ẹ̀gbọ́n wọ mọ́tò náà jáde. Dírẹ́bà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà! Tí tírélà bá wà níwájú, ìdí tírélà nìkan ló ń rí. Kó tó rí ẹni tó ń bọ̀, ìlàjì mọ́tò ti gbọ́dọ̀ yọ sọ́nà onítọ̀hún. Èmi tí mo wà lósì ni mò ń bá a wò ó: "Ó yá, kọjá! Dúró, dúró!" Ìrántí Bàbá dára, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ níwájú kò mọ Bàbá rí. Kí ló kàn án nínú ọwọ́ tó dán sítíárìn?

Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n kò jàre tán. Ta ló ní dandan ni kí ìjàpá jáde sí títì ńlá? Ó ní mọ́tò tí kò jáde, bí àwòrán ara ògiri ló rí. Mo ní, ṣé àwòrán Bàbá tó wà ní pálọ̀ ń bí ẹnikẹ́ni nínú ni?

Mo wá ní kí wọ́n gbé ìwé mọ́tò wá, kí n mọ ẹni tó ni ín. Orúkọ ìyá wọn ló wà níbẹ̀. Ìyá wà láàyè, wọn ò sì tíì bi í.