Ṣé Dandan Ni Ká Pa Á Rẹ́?

Bí nǹkan ẹlẹ́ni bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣé ẹ̀tọ́ ni ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nítorí pé ìyẹn ló yá jù? Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán nìyí. Ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Gbogbo wa láti Ìkìrun dé Ìnísà dé Òkukù la mọ bí iná ṣe ń ṣe. Bí iná bá lọ nígbà tí Ubuntu ń ṣe update lọ́wọ́, tí bátìrì sì ti kú, kernel tuntun, ìyẹn apá Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, lè wọlé láàbọ̀. Bí ẹ bá tún tan ẹ̀rọ, á kọ "kernel panic" sójú, á sì dúró gbagidi.

Ọmọ kíláàsì mi kan gbé irú rẹ̀ lọ fún atúnṣe kan, èmi náà bá a lọ. Póròjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà, orí mẹ́ta gbáko. Ọkùnrin náà ò wò ó pẹ́ tó fi ní, "Format ló máa gbà." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn."

Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bí àgbà ni Ubuntu ṣe ń ṣe. Bí kernel tuntun bá dé, kì í lé ti àná jáde lójú ẹsẹ̀. A di Shift mú bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn (Esc ni ti ẹlòmíì), GRUB yọjú, a wọ "Advanced options", a mú kernel àná. Ó tàn! A kọ́kọ́ da póròjẹ́ẹ̀tì náà sórí flash. Lẹ́yìn náà la kọ sudo dpkg --configure -a, kí update tó dúró lójú ọ̀nà lè parí, a fi sudo update-grub tẹ̀lé e. Kernel tuntun náà sì ṣiṣẹ́.

Ní July 19, 2024, update CrowdStrike kan dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Fáìlì kan ṣoṣo ló fà á. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rọ rẹ̀ tàn. Ká ní wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ńkọ́?

Ẹnìkan lè ní ṣé inú àná la ó máa gbé ni? Rárá o. Kernel àtijọ́ ní ihò tí olè lè gbà wọlé. Nígbà ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn, àwọn ará Òkukù sá wá sí Ìkìrun, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun rọlẹ̀, wọ́n padà lọ tún ìlú wọn kọ́. Ẹ̀yìn la ń padà sí ká lè mọ ohun tó gbé wa ṣubú.

Ìgbà míì wà tí format tọ́: lẹ́yìn tí a ti wá ìdí, tí a ti kó ẹrù olóhun pamọ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ní ó dáa. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, atúnṣe ló ń sinmi, olóhun ló ń sanwó.

Ẹ tún wò ó o: ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́ta ṣẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan péré, a ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ta ló bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀?