Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Ẹni Tí Gbogbo Àdúgbò Ti Dá Lẹ́bi?

Bí ariwo bá ta ní Ẹ̀gbẹ́dá pé ọkùnrin kan fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ níbi tí kò yẹ, ìròyìn náà á ti dé Akówọnjọ kí ọlọ́pàá tó dé. Láńlọ́ọ̀dù á ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ìjọ á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bó bá jẹ́ mùsùlùmí, wọn á máa wò ó láwòmọ́jú ní mọ́sálásí. Àwọn ẹbí tó yẹ kí wọ́n wá gba béèlì rẹ̀ ní tẹsàn á pa fóònù. Ó lè jẹ́ lọ́yà nìkan ni yóò ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́yà náà yóò sì délé bá ìbéèrè: "Bàbá Tọ́lá, ṣé irú owó yìí ló wá kù tí ẹ fẹ́ fi bọ́ wa?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Abala 137 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lòpọ̀, ẹni tó bá sì ti rí ojú ọmọ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mọ ìdí tí òfin fi le tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run lè wọ aṣọ dúdú, kó dé wíìgì, kó wá dúró níwájú adájọ́ ní Ìkẹjà, kó máa gbẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rò?

Ìtàn tí àwọn oníwàásù sábà máa ń kọ́kọ́ mú wá ni ti Jósẹ́fù. Nínú Bíbélì, Pọ́tífárì ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ tẹnu aya rẹ̀ pé Jósẹ́fù fẹ́ bá òun lòpọ̀, inú bí i, ó sọ ọmọkùnrin náà sẹ́wọ̀n. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kùránì, tó pè é ní Yúsúfù, sọ tirẹ̀ lọ́nà tí lọ́yà yóò fẹ́ràn: ẹnìkan nínú ará ilé obìnrin náà ní kí wọ́n wo ẹ̀wù ọmọkùnrin náà. Bó bá jẹ́ iwájú ló ti ya, òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ; bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, irọ́ ló pa. Wọ́n wò ó, ẹ̀yìn ló ti ya. (Síbẹ̀, Yúsúfù ṣì dèrò ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rí nìkan kò tó láàárín àwọn tí ojú ń tì láti jẹ́wọ́ àṣìṣe.)

Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ìtàn Jósẹ́fù kì í sábà ka Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 13. Níbẹ̀, Ámúnónì ọmọ Dáfídì fipá bá Támárì lòpọ̀, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ábúsálómù, ọmọ ìyá Támárì, ní kó dákẹ́, ó ní arákùnrin rẹ̀ ṣá ni. Dáfídì gbọ́, inú bí i gidigidi, kò sì ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, níbi àsè ìrẹ́run àgùntàn, Ábúsálómù ní kí wọ́n pa Ámúnónì, wọ́n sì pa á. Ọba ni Dáfídì, òun sì ni adájọ́ àgbà, àmọ́ kò jókòó gbẹ́jọ́. Támárì kò ráyè sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ẹni tó lè ṣèdájọ́, Ámúnónì náà kò sì dáhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì tí a mọ̀ dáadáa ní àwọn ìjọ wa ló wà nínú ìtàn yẹn: "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé", àti ẹ̀san.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ti àwọn baba wa. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Nikodémù bi àwọn Farisí ní irú ìbéèrè yìí nínú Jòhánù orí 7, bóyá òfin wọn máa ń dá ènìyàn lẹ́jọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí tí òwe yẹn fi le tó bẹ́ẹ̀ wà nínú orúkọ tí Yorùbá fi ń ki Ọlọ́run: Arínúróde, Olùmọ̀ràn-ọkàn. Ọlọ́run lè dájọ́ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, torí ó rí inú. Ènìyàn kò rí i. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi kí ẹlẹ́rìí tó ya ẹnu, ìjókòó ẹlòmíràn ló gbà.

Èkó rí bó ṣe máa ń rí tí kóòtù bá ti ìlẹ̀kùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ọlọ́pàá mú òṣèré Ọlánrewájú Omíyinka, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀ṣà, lórí ẹ̀sùn pé ó hùwà àìtọ́ sí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà Instagram di kóòtù. Òṣèré ń bá òṣèré jà. Àwọn kan ya lọ sí tẹsàn ọlọ́pàá Pántì ní Yábàá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí béèlì gbà. Òṣèré Yọ̀mí Fábíyì tó ní kí wọ́n tẹ̀lé òfin di ẹni èébú, nígbà tó sì gbé fíìmù jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, dá a dúró.

Nígbà tí kóòtù ṣí, Adájọ́ Olúwatóyìn Táíwò jókòó tì í fún nǹkan bí ọdún kan. Wọ́n wo fídíò inú kámẹ́rà, àwọn lọ́yà olùjẹ́jọ́ da ìbéèrè bo àwọn ẹlẹ́rìí, Bàbá Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀ sì sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, adájọ́ ní ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́rin nínú mẹ́fà, ó sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Mẹ́rin nínú mẹ́fà: Instagram kò lè ṣe irú ìṣirò yẹn láéláé.

Ti Dókítà Olúfẹ́mi Ọláléye tún kọni lóminú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Rahman Oshodi ní Ìkẹjà rán an lẹ́wọ̀n gbére lórí ẹ̀sùn pé ó ba ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí jẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn lọ́yà rẹ̀ kò gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Èkó ní ìjọba kò fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀ kọjá iyèméjì, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ẹ lè fara mọ́ ìdájọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè fara mọ́ èkejì. Bí àwọn adájọ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ṣẹ́ bá lè wo ọ̀rọ̀ kan náà kí wọ́n sì yàtọ̀ síra báyìí, báwo ni àwa tó dúró ní ìkóríta Ẹ̀gbẹ́dá ṣe wá dá wa lójú tó bẹ́ẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí ó ti jẹ́wọ́." Òótọ́ ni pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àmọ́ iwájú àgbà ni òwe yẹn fi ẹni náà sí, kì í ṣe inú sẹ́ẹ̀lì lóru. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn ní Èkó, abala 9, sọ pé kí ọlọ́pàá gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ lórí fídíò, bí kò bá sì sí fídíò, kí lọ́yà afurasí wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń kọ ọ́.

Ẹ̀sùn irú èyí ló sì mú kí ẹ̀tọ́ sí lọ́yà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 1931, wọ́n mú ọmọkùnrin dúdú mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ ojú irin ní Alabama, wọ́n ní wọ́n fipá bá obìnrin aláwọ̀ funfun méjì lòpọ̀. Kí oṣù kan tó pé, wọ́n ti dá ikú fún mẹ́jọ nínú wọn láìsí lọ́yà gidi kan tó ráyè múra ẹjọ́ wọn sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ náà ní ọdún 1932 nítorí àìsí lọ́yà yẹn. Ní 1933, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sọ ní kóòtù pé irọ́ ni. Ní tiwa, abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ló fún olùjẹ́jọ́ ní lọ́yà tó bá wù ú, abala kan náà ló sì ní aláìjẹ̀bi ni títí ẹ̀sùn yóò fi fìdí múlẹ̀.

Gbígbèjà olùjẹ́jọ́ kì í ṣe bíbú ọmọ. Lọ́yà tó ń béèrè irú síkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ wọ̀ kò gbèjà ẹnikẹ́ni, ìtìjú ló ń tà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gba lọ́yà láyè láti máa tú ìtàn ìbálòpọ̀ olùfisùn pẹ̀lú ẹlòmíràn wò àfi bí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Bí oníbàárà bá sì jẹ́wọ́ fún lọ́yà ní ìkọ̀kọ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹlẹ́rìí èké wá. Ó lè ní kí ìjọba fìdí ẹ̀sùn rẹ̀ múlẹ̀, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ilé yín, bóyá ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìdímù, ẹ má parí ẹ̀ sílé, ẹ má sì jẹ́ kí ìta parí ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ló ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀; ẹ gbé e lọ sí Mirabel Centre ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú. Bó bá sì jẹ́ ọmọ yín ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ sí ìwé kankan kí lọ́yà tó dé. Bí kò bá sí owó, ẹ lọ bá Office of the Public Defender, tí gbogbo èèyàn ń pè ní OPD. Ìjọba Èkó ló dá a sílẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀.