Èébú Láàrin Àwọn Tí Ń Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Ọ̀ràn kan wà tí àwa fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa rò, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ìjọ. Bí ẹnìkan bá ń ṣe iṣẹ́ rere láìgba owó, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ha tọ́ kí a fojú fo èébú ẹnu rẹ̀ dá? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé ó tọ́, nítorí bí a bá bá a wí, yóò bínú lọ, iṣẹ́ yóò sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì, 2001. Ó wà ní èdè tí ó ju 300 lọ, èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Àwọn tí ń kọ ọ́ kì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn lè tún gbólóhùn tí ará Lọ́ńdọ̀n kọ ṣe, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn rí.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ bá pọ̀ sí, ìjà kì í jìnnà. Àríyànjiyàn lórí ọdún tí ọba kan gorí oyè a máa di pípe ẹnìkejì ní òpè àti òpùrọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó wù wá púpọ̀: kí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ sí òṣìṣẹ́. Ẹ kíyèsí i pé òfin yìí kò ní kí a bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé, "Ọdún tí ẹ kọ yìí kò tọ̀nà," ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé, "Irú yín kò yẹ ní ẹni tí ń mú gègé," kò tún ohunkóhun ṣe. Ọdún tí kò tọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀.

Òfin náà a máa ṣòro láti pamọ́ nígbà tí arúfin bá jẹ́ ẹni tí ó ti kọ ẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Níhìn-ín ni ìṣirò wa ti ń kùnà. Àwa lè ka ojú ìwé tí ó kọ. Ta ni ó ka àwọn tí ó pàdé ẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní tí wọn kò sì padà wá mọ́? Ẹni tí a ń sanwó fún lè fara da èébú nítorí àtijẹ, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní ohun tí ó dè é. Kì í pe ẹjọ́. Ó kàn dẹ́kun wíwá ni. Ní Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2007 ni àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ jùlọ, lẹ́yìn èyí ni iye wọn ń dínkù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ ìwé jáde ní 2013 wí pé bí a ti ń fi ọwọ́ líle kọ iṣẹ́ àwọn ẹni tuntun, àní àwọn tí ó wá pẹ̀lú ọkàn rere, jẹ́ ìdí pàtàkì kan. Ní 2021 ni àjọ tí ń bójútó iṣẹ́ náà tó kéde ìlànà ìwà kan fún gbogbo èdè. Ogún ọdún gbáko! Àwa mọ ẹgbẹ́ akọrin tí ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní irú rẹ̀.

Nígbà tí Euodia àti Síntíkè ń jà ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ó bẹ àwọn méjèèjì bákan náà, ó rántí làálàá wọn nínú ìhìnrere, ó sì pe ẹnìkẹta pé kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹnìkẹta yìí gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Nígbà tí àgbà ẹgbẹ́ kan bá ń bú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣi àkọsílẹ̀ ìpàdé kọ, àwa yòókù a dojú bolẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó lọ bẹ ọmọ náà nílé. Ní gbangba ni ó gba èébú, ní kọ̀rọ̀ ni ó gba ẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, ìjókòó rẹ̀ a ṣófo.